Èsì: “Put off” kì í ṣe ìwọ́gilé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ìwé ìpàdé àdúgbò yín l'Óṣogbo tó ní “the meeting has been put off” ti wọ́gi lé ìpàdé. Kò wọ́gi lé e o. Wọ́n sún un síwájú ni. Ká ní wọn ò ṣe é mọ́ ni, “called off” ni wọn ì bá kọ.

“Off” ló gbé ìtumọ̀ rù: kúrò. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, “put off thy shoes” ni Ọlọ́run sọ fún Mósè, pé kó bọ́ bàtà. “The smell put me off” náà: òórùn ti lé oúnjẹ kúrò lọ́kàn mi.

Ibi tó ń gbé èèyàn ṣubú jù ni ètò ọ̀rọ̀. “Put it off” ló tọ́, “put off it” kò tọ̀nà rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá tẹ̀ lé e á gba -ing: “put off travelling”, kì í ṣe “put off to travel”.

Ti iná tí a máa ń sọ pé “put off the light”, “switch off” ni kí àwọn ọmọ kọ nínú ìdánwò.