Ọmọ mi fẹ́ fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun: ta ni yóò máa sanwó fún un?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 16, SS2 ló wà. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń bá wọn ru báàgì ní pápá gọ́ọ̀fù tó wà nítòsí wa ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sì ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ní báyìí, ó ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, òun fẹ́ di pró. Bàbá rẹ̀ ti kú, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ bùkátà. Ṣé iṣẹ́ gidi ni gọ́ọ̀fù? Ta ló ń san owó oṣù wọn? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ gidi ni. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ èèyàn ní gọ́ọ̀fù, òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo sì fi rán àwọn ọmọ mi níwèé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kejì ni ọ̀pọ̀ òbí kì í bi mí, òun ló sì wúwo jù. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún pró tó ń lọ ìdíje. Ohun tó bá gbá lọ́sẹ̀ yẹn ni yóò jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà nìyí: ọjọ́ mẹ́rin ni ìdíje, láti Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ihò 18 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n á mú ẹni 65 tó ṣáájú, ìyẹn àwọn tí iye ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kéré jù, àti àwọn tó bá bá ẹni tó wà nípò 65 dọ́gba. Àwọn tó kù á palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, láìgba kọ́bọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti san owó ọkọ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì àti owó kádì, ìyẹn ẹni tó ń bá wọn ru báàgì, lápò ara wọn. Ẹni tó bá gba ipò kìíní sábà máa ń kó ìdá 18 nínú 100 owó tó wà nílẹ̀, kádì rẹ̀ á sì mú bí ìdá mẹ́wàá nínú ìyẹn. Ẹyọ kan, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ló sábà máa ń wà láàárín ẹni tó dúró àti ẹni tó lọ sílé.

Mo mọ ẹyọ kan yẹn dáadáa. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí mo lọ gẹ́gẹ́ bíi pró, bọ́ọ̀lù mi tó kẹ́yìn yí dé etí ihò, ó dúró. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, mo rí i: ewé koríko kan ṣoṣo ló gbé e dúró. Owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi dé ibẹ̀, ó sì lé lọ́dún kan kí n tó san án tán.

Ọkùnrin kan wà tí mo fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀, torí ó gba ilẹ̀ wa níbí kọjá. Vijay Singh ni. Wọ́n bí i ní 1963 ní Lautoka, ní Fiji, erékùṣù kékeré nínú òkun Pàsífíìkì. Lédè wọn, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìṣẹ́gun. Bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ òfúrufú ṣe, ó sì tún ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù. Ó di pró ní 1982. Ní 1985, wọ́n fẹ̀sùn kàn án níbi ìdíje kan ní Indonesia pé iye tó wà nínú káàdì rẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ iye gbígbá sí, fi ẹyọ kan dín sí iye tó gbá. Ó ní òun ò ṣe é, síbẹ̀ wọ́n lé e kúrò nínú ìdíje Éṣíà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò nìyẹn, mà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò ríbi gbá mọ́. Kí ló jẹ? Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ gọ́ọ̀fù ní Borneo, lápá ti Malaysia. Ìgbà kan wà tó ṣe iṣẹ́ aṣọ́nà ilé ìgbafẹ́ ní Edinburgh, ní Scotland. Ó wá kọrí sí Áfíríkà, sí àwọn ìdíje tí wọ́n ń pè ní Safari, ó sì gba Nigerian Open ní 1988. Ọdún 1993 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2004, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 41, ó gba ìdíje mẹ́sàn-án lọ́dún kan ṣoṣo, owó rẹ̀ kọjá mílíọ̀nù 10 dọ́là, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí nínú ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ó sì gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́wọ́ Tiger Woods. Ìdíje 34 ló gbà lórí PGA Tour, ìyẹn ìdíje àwọn ọ̀jẹ̀ Amẹ́ríkà tí mo sọ lókè. 22 nínú wọn, lẹ́yìn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún ni.

Láti 1982 sí 2004, ẹ ṣírò ẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé e dúró nígbà tí gbígbá ò mówó wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín: ẹ má gbà kó fi ilé ìwé sílẹ̀. Kó ṣe WAEC rẹ̀. Ẹni tó máa kọ́ni gbọ́dọ̀ mọ ìwé kà, òfin gọ́ọ̀fù pọ̀, àwọn tó ń wá kọ́ ọ sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn fásitì Amẹ́ríkà náà ń fún ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní gba ẹni tí kò níwèé mẹ́wàá. Kó má sì tíì pe ara rẹ̀ ní pró, kó má lọ máa gba owó ìdíje káàkiri, torí ó lè fi ìyẹn pàdánù àyè láàárín àwọn amatọ̀, ìyẹn àwọn tí kì í fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun.

“Ọwọ́ rẹ̀ dáa” kò tó ẹ̀rí. Ẹ ní kó gbá ihò 18 ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹlòmíì máa ka iye rẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí káàdì. Kó ka gbogbo ẹ̀, títí kan èyí tó ta dànù. Tó bá kọ iye tó dín sí èyí tó gbá nínú ìdíje, wọ́n á yọ ọ́, kódà bó ṣe pé ó ṣèèṣì ni. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ń lé ní 80, ọ̀nà ṣì jìn. Bó bá ń súnmọ́ 72, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé “brown” ló ń gbá lé lórí, ìyẹn iyanrìn tí wọ́n fi epo pò yí ihò ká, ẹ jẹ́ kó wá pápá tó ní koríko lọ, torí bọ́ọ̀lù ò ní yí bákan náà.

Ẹ má ì tíì ra báàgì olówó gọbọi. Igi ìgbábọ́ọ̀lù 14 ni òfin fàyè gbà, méje tòkunbọ̀ ti tó fún un. Tí káàdì mẹ́wàá náà bá pé, kó mú wọn wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé, kó sì mú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ tó kẹ́yìn dání.