Ohun tí mo ń di mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti róbó sí

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bèèrè ohun tí ẹ lè máa di mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kọ àti róbó sí, kí oúnjẹ tí ẹ fi ẹ̀wà, àgbàdo àti ègúsí tí kò ní oògùn kòkòrò ṣe má baà bà jẹ́ nílé tàbí lójú ọ̀nà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń se irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tà ní Ìbàdàn, àdánù kan tí mo jẹ ní ọdún kejì ni ó sì kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ní kí n gbé ọgọ́ta mọ́ínmọ́ín wá sí àpèjẹ kan ní Ọgbà Agodi. Nítorí pé ewé wọ́n ní Bódìjà lọ́sẹ̀ náà, inú ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo ti sè wọ́n, mo kó wọn sínú kúlà bí wọ́n ṣe ń ti orí iná bọ̀, mo sì dé e pa ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Nígbà tí a ṣí i ní agogo méjì ọ̀sán, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń yọ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti kan. Kúlà náà kò jẹ́ kí oúnjẹ tutù, kò sì lágbára láti mú kí ó máa gbóná. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni àárín ìwọ̀n 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Mo dá owó wọn padà, ojú sì tì mí gidigidi.

Láti ìgbà náà, ewé eéran ni mo ń lò, bí ó ti wù kí ó wọ́n tó. Kì í yọ́ nínú omi híhó, nígbà tí ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń rọ̀ níbẹ̀, tí ẹ bá sì ju ewé náà sílẹ̀, yóò jẹrà. Ẹ fọ tinú-tẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi méjì wé ara wọn, nítorí ewé tó ya yóò jò. Ẹ̀kọ pàápàá, ẹ má ṣe tú u kúrò nínú ewé títí di ìgbà tí ẹ óò jẹ ẹ́.

Ní ti róbó, ìgò tó ní ìdérí líle ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí ẹ tó dé e, nítorí oru tó bá há síbẹ̀ ni yóò di omi tí yóò sì mú kí ó bu. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí òde, ẹ kó o sínú agolo, nítorí ìgò kì í bá kòtò ọ̀nà wa rẹ́.

Tí ó bá jẹ́ ike ni ẹ fẹ́ lò, ẹ wo ìsàlẹ̀ abọ́ náà: èyí tí wọ́n kọ 5 sí nínú àmì onígun mẹ́ta lè gba oúnjẹ gbígbóná. Abọ́ fóòmù, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 6, ni kí ẹ yẹra fún. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tilẹ̀ ti fòfin dè é ní oṣù kìíní ọdún 2024. Mo ti ṣíwọ́ fífi ìwé ìròyìn di àkàrà pẹ̀lú, nítorí òróró máa ń fa tàdáwà rẹ̀ wọ inú oúnjẹ. Fọ́ìlì dára, àmọ́ ata àti tòmátì máa ń jẹ ẹ́, nítorí náà ewé ni kí ó kan oúnjẹ ṣáájú.

Bí ìrìn àjò yín bá ju wákàtí méjì lọ, tàbí wákàtí kan péré nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín tutù, kí ó sùn nínú fíríìjì, kí ẹ gbé e lọ láàárín yìnyín, kí ẹ sì tún un gbé kaná níbi tí ẹ ń lọ.