Ẹ bi wá: Ṣé ìbínú lè dá oúnjẹ dúró nínú èèyàn?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà pọ̀ lọ́wọ́ mi lóṣù yìí àmọ́ mẹ́ta péré ni màá lè dáhùn, torí ti àkọ́kọ́ yìí gùn, kò sì ṣeé gé kúrú.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Aṣọ ni mò ń tà ní Takie. Láti ìgbà tí èmi àti obìnrin kan tá a jọ ń dá àjọ ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí owó, mi ò lè jẹun dáadáa mọ́. Tí mo bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, inú mi á le bí òkúta, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí mo jẹ láàárọ̀ á dúró gbagidi síbì kan títí di alẹ́, màá kàn máa gùfẹ̀ ṣáá. Mo lọ sílé ìwòsàn kan, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ikùn mi, wọ́n ní ìrònú ni. Ọkọ mi ní mò ń díbọ́n. Ọmọ mi tó wà ní LAUTECH wá ń sọ pé òyìnbó kan ti fi ológbò wò ó rí, pé tínú bá ń bí ológbò, oúnjẹ ò ní dà nínú ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn fẹ́ fi tù mí nínú? Ìyá aláṣọ, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Òótọ́ ni o, ìyá mi. Walter Cannon lorúkọ òyìnbó náà, ará Amẹ́ríkà, wọ́n bí i lọ́dún 1871. Nígbà tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Harvard, ní ìparí ọdún 1896, X-ray ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Jámánì ni, kò tíì ju nǹkan bí ọdún kan lọ, gbogbo ayé ń fi wo eegun, òun wá ní òun á fi wo oúnjẹ. Ẹ sì mọ̀ pé X-ray ò lè rí búrẹ́dì lásán nínú ikùn, ṣe ló máa là á kọjá, torí náà ó po ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní bismuth mọ́ oúnjẹ fún ológbò, ìyẹn ló jẹ́ kí òjìji oúnjẹ yẹn hàn. Ó jókòó tì í, ó ń wo bí àpòlúkù ṣe ń rún un, á sún kì, á tún dẹ̀, ìgbì kan ò tíì tán tí òmíràn á fi dé, bí ẹni tó ń ro ọkà lórí iná.

Ibi tó dùn níbẹ̀ nìyí. Nígbà míì ìgbì yẹn á kàn dúró wámú. Ó wò ó títí, ó rí i pé ìgbà tí ológbò bá ń jà fitafita pé òun fẹ́ bọ́, tára ẹ̀ ò balẹ̀, ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fọwọ́ pa á lára tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùn-ùn-hùn-ùn bí ológbò ṣe máa ń ṣe tára bá tù ú, àpòlúkù á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún 1898 ló gbé e jáde, kò sì fi í sílẹ̀, ó ń wádìí lọ títí tó fi kọ odindi ìwé lọ́dún 1915 lórí ohun tí ìrora, ebi, ẹ̀rù àti ìbínú ń ṣe fún àgọ́ ara.

Ohun tó rí ni pé tí ọpọlọ bá ti gbà pé ewu dé, á ránṣẹ́ sí nǹkan kékeré méjì kan tó jókòó lé kíndìnrín lórí, àwọn yẹn á tú omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á kúrò nínú ìfun lọ sí apá àti ẹsẹ̀, itọ́ á gbẹ lẹ́nu. Ẹni tí màlúù ń lé, ta ló ń ro ti oúnjẹ tó ń dà? Ara yín rò pé ẹ fẹ́ jà ni tàbí ẹ fẹ́ sá, kò mọ̀ pé owó àjọ lásán ni.

Ẹ má sì sọ pé ológbò lológbò ń jẹ́ o. Ọkùnrin kan wà ní New York tí wọ́n ń pè ní Tom, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 9 ló mu ọbẹ̀ gbígbóná tó bó o lọ́nà ọ̀fun, ọ̀fun náà dí pátápátá, wọ́n bá lu ihò sí i níkùn, ibẹ̀ ló ń gbà jẹun títí tó fi dàgbà. Dókítà méjì, Stewart Wolf àti Harold Wolff, gbà á síṣẹ́ pé kó máa bá wọn tún yàrá ìwádìí ṣe, wọ́n sì ń wo inú ẹ̀ látojú ihò yẹn, ọdún 1943 ni wọ́n tẹ ìwé tí wọ́n kọ lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ibi tí wọ́n ti ń wò ó lọ́wọ́ ni dókítà kan já wọlé, ó ń fa dúrọ́ọ̀ kan dé èkejì, ó ń ṣépè, pé òun ò rí ìwé òun. Tom ló ṣì í gbé lánàá, àyà ẹ̀ já pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, kò mira, kò fọhùn. Ojú ẹ̀ funfun. Inú ẹ̀ náà funfun! Wọ́n fojú rí i. Ìgbà tí dókítà yẹn rí ìwé ẹ̀ tó sì jáde ni àwọ̀ padà síbẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé ìbínú ni, pípọ́n ló máa ń pọ́n, ásíìdì á sì máa ṣẹ́yọ. Torí náà ẹ ní kí ọkọ yín wá sọ fún Tom pé ó ń díbọ́n.

Èmi náà ti bá a pàdé rí. Lọ́jọ́ tá a sìnkú bàbá mi l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì síwájú mi, àwọn ẹbí ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nínú pálọ̀, òkèlè mẹ́ta péré ni mo mú, kò lọ, mo jókòó síbẹ̀ títí gbẹ̀gìrì fi dì tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ẹ̀. Èmi tí wọ́n mọ̀ mọ àmàlà! Àwa Yorùbá tiẹ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́, inú ló ń bí wa, inú ló ń dùn, inú ló ń bàjẹ́, a ò yọ ikùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn rí.

Àmọ́ ṣá o, ibi tí mo ti máa bá ilé ìwòsàn yẹn jà nìyí. Pé ìrònú ń dá oúnjẹ dúró kò ní kí wọ́n máa sọ pé ìrònú ni láìtíì yẹ èèyàn wò. Ṣé ẹ rí ọgbẹ́ inú tá a ń pè ní ọ́lsà, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn dókítà fi ń sọ pé wàhálà ayé àti ásíìdì ló ń fà á, títí Robin Warren àti Barry Marshall ní Ọsirélíà fi ní kòkòrò kan ló wà nídìí ẹ̀. Wọn ò gbà wọ́n gbọ́, Marshall bá gbé omi tó kún fún kòkòrò náà mu fúnra ẹ̀ lọ́dún 1984, kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2005. Nítorí náà ẹ lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kòkòrò yẹn, ti ìgbẹ́ wà, ti èémí náà wà, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo oògùn ara ríro tẹ́ ẹ̀ ń lò fún wọn, torí mo mọ̀ yín, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yìn á máa dùn yín, ẹ ó máa gbé e mì bíi gúgúrú, àwọn oògùn yẹn ń ha ikùn. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tàbí ẹ bì tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí ẹ ń rù láìnídìí, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró dọjọ́ ọjà.

Ní ti obìnrin yẹn, ẹ jẹ́ kí alájọ bá yín dá sí i. Kẹ́ ẹ tó jẹun, ẹ yí ìjókòó yín padà, ẹ má kọjú sí ìsọ̀ ẹ̀.

*Mọ́mì, tí ìdánwò bá ti ku ọ̀la, ìgbẹ́ gbuuru ni. Tí mo bá sì ń kàwé lóru, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí mi, orí á gbóná. Wọ́n ní ìrònú máa ń dá oúnjẹ dúró nínú èèyàn, kí ló dé tí tèmi fi ń sáré? Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi mí yìí. Òkè ló máa ń dúró, ìsàlẹ̀ ló máa ń sáré. Ẹ̀rù á dá àpòlúkù lọ́wọ́ kọ́, á sì na ìfun ńlá lẹ́gba, torí ẹ̀ ni èèyàn ò fi lè jẹun tí kò sì lè kúrò ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ìfun yìí náà ní sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé ìròyìn tiẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 100, bíi pé ọpọlọ kékeré kan wà níbẹ̀, iṣan ńlá tó sì so ó pọ̀ mọ́ orí, ìròyìn tó ń gbé gòkè ju èyí tó ń gbé sọ̀kalẹ̀ lọ. Ti orí tó ń gbóná yẹn, ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe o, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ti kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa ló sì fi kọ ọ́, brain fag ni wọ́n ń pè é. Sùn lóru, jọ̀ọ́, kó o sì yé jẹ obì láti fi lé oorun, caffeine wà nínú ẹ̀, òun náà ń lé ìfun. Bó bá ń ṣe ọ́ lásìkò tí kò sí ìdánwò rárá, lọ rí dókítà.

*Inú máa ń jó mi. Ṣé kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ni? Ìyàwó mi ń rẹ egbò sínú ṣìnáàpù fún mi láràárọ̀. Bàbá Kàfáyà, Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́.*

Rárá o, bàbá. Ọtí láàárọ̀ nínú òfìfo ikùn, òun gan-an ló ń jó inú yín. Ẹ gbé ìgò yẹn kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fẹ̀kọ mímu rọ́pò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí mi padà.