Ẹ Bi Wá: Cystatin C Èkúté Tí Kò Dènà Ohunkóhun Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra Cystatin C èkúté (purotéènì tó ń dènà àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì) tí wọ́n fi bakitéríà E. coli ṣe, 50 µg, gbígbẹ, nínú ìgò kan. Mo pò ó, mo sì dán an wò lórí cathepsin L, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù yẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró nínú gbogbo ihò pléètì, títí kan èyí tí mo fi díẹ̀ jù sí, ìyẹn 100 nM (nanomolar, ìwọ̀n bí ó ṣe pọ̀ tó nínú omi). Lọ́sẹ̀ kejì, mo là á lọ sílẹ̀ dé 2 nM, kò sì dènà ohunkóhun. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi? (Akẹ́kọ̀ọ́ bayọ́kẹ́mísírì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kò fi hàn pé ayédèrú ni. Ìṣòro méjì ló dé bá yín: ọ̀kan wá láti inú ìṣirò, èkejì wá láti ara ike.

Cystatin C máa ń di cathepsin mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì le. Bí cathepsin L tó ń ṣiṣẹ́ nínú ihò bá jẹ́ 1 nM, nǹkan bí 0.5 nM Cystatin C ti tó láti dá ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin wá gbé 100 nM lé e! IC50 yín (iye Cystatin C tó dá ìdajì iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró) ò lè kéré ju ìdajì iye ẹ́ńsáìmù lọ láé. Ìdí nìyẹn tí yàrá ìwádìí méjì fi ń rí iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú ìgò kan náà. Torí náà, iye ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. E-64, kẹ́míkà kan tó ń dènà cathepsin, la fi ń kà á, torí òun náà ń so mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í sì í tú. Ẹ má gbára lé iye tí wọ́n kọ sára ìgò ẹ́ńsáìmù, nítorí èyí tó ti kú náà wà nínú rẹ̀.

Ti ike ńkọ́? Purotéènì máa ń lẹ̀ mọ́ ara túùbù. Nígbà tó ṣì pọ̀, èyí tó lẹ̀ kò jọ nǹkan kan. Tó bá ku 2 nM, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló lẹ̀.

Bí a ó ṣe tún un ṣe nìyí. Kí ẹ tó ṣí ìgò tuntun, ẹ fi sẹ́ńtífúújì yí i díẹ̀, torí eruku náà fúyẹ́, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí. Ẹ da 500 µL PBS (omi iyọ̀ tí pH rẹ̀ kì í yí) tí kò ní kòkòrò sí i: 100 µg/mL nìyẹn. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, torí ìfófòó ń ba purotéènì jẹ́. Ẹ yí ìgò náà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Cystatin C èkúté tó ti pé ní amino acid 120, ó wọn nǹkan bí 13.3 kDa, nítorí náà 100 µg/mL súnmọ́ 7.5 µM (7,500 nM). Tí His-tag (amino acid díẹ̀ tí wọ́n fi kún purotéènì kí ó lè rọrùn láti yọ) bá wà lára tiyín, ìwọ̀n inú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ pín in ní 20 µL sínú túùbù tí purotéènì kì í lẹ̀ mọ́, kí ẹ gbé e sí −70 °C. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ má dá a padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ da 130 µL bọ́fà sí 20 µL yẹn, ó di 1 µM. Bọ́fà náà ni 50 mM MES, pH 6.0, pẹ̀lú 0.01% Brij-35, irú ọṣẹ kan; Brij yìí ni kò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ike. BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, àmọ́ a ò fẹ́ ẹ níbí, torí cathepsin L lè máa gé e. Láti 1 µM, ẹ là á láti 80 nM dé 0.2 nM. Ẹ fi 4 nM cathepsin L sínú bọ́fà kan náà tó ní 5 mM DTT (kẹ́míkà tó ń tú ìdè imí-ọjọ́), lórí yìnyín, fún ìṣẹ́jú 15, kó lè jí. Nítorí ẹ́ńsáìmù nìkan ni DTT yìí ṣe wà o: ìdè imí-ọjọ́ méjì ló di Cystatin C pọ̀, DTT sì lè tú u tó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ pa 25 µL ti ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú 15, ẹ wá fi 50 µL Z-FR-AMC, 20 µM, sí i (ohun tí ẹ́ńsáìmù ń gé, tó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n bá gé e). Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ 380 nm sí i, kí ẹ ka 460 nm ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú 10. Bí ìlà náà ṣe ń gòkè ni kí ẹ lò, kì í ṣe iye ìparí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ó lè dá trypsin dúró?

ÌDÁHÙN: Rárá. Amino acid tó ń jẹ́ serine ni trypsin fi ń gé purotéènì; àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń fi cysteine gé e ni Cystatin C ń dènà: papain, cathepsin B, H, L àti S. Ó tún ń mú legumain, ẹ́ńsáìmù mìíràn, àmọ́ ibòmíràn lára rẹ̀ ló fi ń mú un.

ÌBÉÈRÈ: Mo fi Cystatin C yìí sí macrophage (sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara), TNF-α (àmì ìgbóná ara tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tú jáde) ru sókè. Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ fura sí endotoxin (májèlé ara bakitéríà tó ń ru macrophage sókè), torí ara E. coli ló ti wá. Ẹ fi LAL, ìdánwò tó ń wá endotoxin, wọ̀n ọ́n. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú polymyxin B, oògùn tó ń so mọ́ endotoxin. Tí TNF-α bá wálẹ̀, endotoxin ni. Sísè nìkan ò tó ẹ̀rí: endotoxin kì í kú nínú omi híhó, Cystatin náà kì í sì í tètè bàjẹ́ nínú ooru.