Afínjú: oríyìn ni àbí èébú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá fọ ewé móínmóín tinú tẹ̀yìn, ìyá ọkọ mi á ní, "Afínjú ìyàwó mi!" Bí mo bá tún ṣa òkúta ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní, "Afínjú tìrẹ yìí ti pọ̀ jù." Kí ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí gan-an? Ẹnì kan ní "ẹni tó ń fi ojú sí nǹkan" ló di afínjú. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ilé o. Inú "fi ojú" kọ́ ló ti wá. Ẹ gbọ́ bí "fi ojú" ṣe máa ń rí lẹ́nu wa: fojú sọ́nà, fojú di. Ìró *i* ni a pa jẹ níbẹ̀, *o* ló kù. Ká ní òun ni, "afojú" là bá máa gbọ́. Yàtọ̀ sí èyí, *fi* kò ní àránmúpè, ohùn àárín ló sì wà lórí rẹ̀. *Fín* ní àránmúpè, ó sì ní ohùn òkè.

Bí ó ṣe rí nìyí: *fín* + *ojú* di *fínjú*. *O* tó bẹ̀rẹ̀ ojú ni a pa jẹ, bíi ti *dá* + *ojú* tó di dájú, àti *fọ́* + *ojú* tó di fọ́jú. Ohùn àárín ni *o* náà ní, ìdí nìyẹn tí kò fi fi àmì kankan sílẹ̀ nígbà tó lọ. Lẹ́yìn náà la fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *a-* kún un, èyí tó ń sọ ìṣe di olùṣe: pẹja, apẹja, fọ́jú, afọ́jú, fínjú, afínjú.

*Fín* fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì. Iṣẹ́ àwọn afíngbá ni, àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣónṣó fa ọnà sára igbá, bí wọ́n ti ń ṣe é l'Ọ́yọ̀ọ́. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, ìlà kan á wọ inú èkejì, igbá náà bàjẹ́ nìyẹn. Lójú tiwa, *fín* yìí náà ló wà nínú fínjú: ẹni tí ojú rẹ̀ ń wá kí gbogbo nǹkan wà létòlétò bí ìlà ara igbá.

Nítorí náà, oríyìn pọ́ńbélé ni afínjú. Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀bùn, òwe sì ti fi àwọn méjèèjì sójú ọjà kan náà: "Afínjú wọjà, ó rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọjà, ó rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀, ọ̀bùn ṣùẹ̀ṣùẹ̀ ni yóò ru ẹrù afínjú relé." Ẹ wo bí ìró "gbẹndẹ́kẹ" ṣe nà ró, tí "ṣùẹ̀ṣùẹ̀" sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Ti pọ̀ jù" tí ìyá fi kún un ló gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí oríyìn. Bí Yorùbá bá fẹ́ bú ẹni tó ń dààmú ara rẹ̀ àti ilé nítorí ohun kékeré, aláṣejù ni wọ́n máa pè é. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ló fi ń ṣe é, tí kò sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, aláròyé ni. Bí kò bá jẹ́ kí ẹlòmíràn sinmi, oníyọnu ni. Ẹ kíyè sí i pé ohùn ìsàlẹ̀ ni *à* inú àṣejù ní: ìwà ló ń dárúkọ, kì í ṣe ènìyàn. Ó di dandan kí *oní* ṣáájú rẹ̀ kó tó di orúkọ ẹni, *oní* yìí sì máa ń di *al-* níwájú *à*. Oníyọnu kò yí padà ní tirẹ̀ nítorí *ì* ló bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Afínjú kò nílò *oní* rárá. Ènìyàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá kò tíì pè yín ní aláṣejù. Ẹ máa ṣa òkúta yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé obìnrin nìkan ni afínjú? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Afínjú ọkùnrin wà, afínjú ọmọdé wà. Iwájú ọ̀rọ̀ kejì ni ẹ máa fi í sí, bí a ti kọ ọ́ yìí.