Àdán orí igi máńgòrò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní òyìnbó Jámánì kan gbèjà àdán nígbà kan, ṣé òótọ́ ni? Bàbá wa n'Ìkẹ́nnẹ́ fẹ́ gé igi máńgòrò torí wọn.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni àbúrò. Bechstein lorúkọ ẹ̀, Waltershausen ni wọ́n bí i sí ní 1757, ẹyẹ àti igbó ló gbà á lọ́kàn, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú igbó sílẹ̀, ó dẹ̀ ní kí wọ́n yéé pa àdán torí kòkòrò ló ń jẹ. Àdán kan ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n tiyín tó ń da kóró máńgòrò gbàù sórí páànù lóru yẹn, èso ló ń jẹ ní tiẹ̀ o! Ẹ ṣáà sọ fún bàbá pé irú wọn ló ń gbé irúgbìn ìrókò káàkiri igbó.