Ìbéèrè nípa àṣà: Kí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà 9, 8 àti 14 ní pápá Fenway?

Ìbéèrè: Àbúrò mi tó ń gbé ní Boston fi fọ́tò pápá bésíbọ́ọ̀lù ìlú wọn ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n to nọ́ńbà ńláńlá sí iwájú òrùlé níbẹ̀. Ó ní bàbá kan tó jókòó tì òun sọ pé mẹ́ta nínú wọn, 9, 8 àti 14, ojú ibi kan náà ni wọ́n ń ṣọ́, apá òsì pápá, àti pé “kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló ń dúró níbẹ̀.” Kí ni bàbá yẹn ń wí? Ṣé oyè ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Kì í ṣe oyè, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ewé lé ẹnì kan lórí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn kò sọ àsọdùn. Ohun tó sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Boston ti ń sọ fún ọmọ wọn láti ìran dé ìran.

Ẹgbẹ́ Boston Red Sox ló ni pápá yẹn, Fenway Park, tí wọ́n ṣí ní 1912. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló ń ṣọ́ pápá nínú bésíbọ́ọ̀lù, oníkálukú ló sì ní ojú ibi tirẹ̀. Mẹ́ta ń dúró lọ́nà jíjìn láti mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tó mú igi bá gbá sókè lọ réré: ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lósì. Láti 1940 títí di nǹkan bí 1987, ọkùnrin mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀ mọ apá òsì Fenway: Ted Williams tó wọ 9, Carl Yastrzemski tó wọ 8, àti Jim Rice tó wọ 14. Àwọn ọdún ogun wà nínú rẹ̀ tí Williams kò sí nílé, àwọn ìgbà kan sì wà tí wọ́n gbé Yastrzemski lọ ṣọ́ ibòmíràn, ṣùgbọ́n mẹ́ta náà ni wọ́n gba ibẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì ńlá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú Hall of Fame ní Cooperstown, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn tó ta yọ jù lọ nínú eré yìí. Nígbà tí wọ́n bá gbé nọ́ńbà ẹnì kan sókè bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé. Wọ́n gbé 9 sókè ní 1984, 8 ní 1989, 14 ní 2009.

Ìyẹn ni ìdáhùn kúkúrú. Èyí tó gùn ló dùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ògiri. Lẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ apá òsì ní Fenway, ògiri kan wà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 37 àti ínǹṣì 2. Ní 1947 ni wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, Green Monster sì ni gbogbo ayé ń pè é. Òpópónà Lansdowne ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, òun ni kò jẹ́ kí pápá náà lè fẹ̀ sí i lápá ibẹ̀. Láti ibi tí ẹni tó mú igi dúró sí dé ìdí ògiri náà lẹ́bàá ìlà, ẹsẹ̀ bàtà 310 péré ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìtòsí pátápátá sì nìyẹn jẹ́ nínú eré yìí. Bọ́ọ̀lù tí ènìyàn ì bá rọra mú ní pápá mìíràn, ní Fenway, ara ògiri ló ń balẹ̀ sí, tí á sì ta padà. Ibo ló máa ta sí? Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Títí di nǹkan bí 1976, páànù ni wọ́n fi bo ògiri náà. Bí bọ́ọ̀lù bá bá ibi tí igi wà lẹ́yìn páànù, á ta jìnnà. Bó bá bá ibi tó ṣófo, á já wálẹ̀ tààrà bí ẹni pé ó ti kú. Àkàbà kan tún wà lára ògiri, pátákó tí wọ́n ń kọ iye ayò sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àwọn tó wà nínú ògiri ló sì ń fi ọwọ́ pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀ títí di òní. Ẹni tí kò bá mọ gbogbo kọ̀rọ̀ yìí, bọ́ọ̀lù á máa sá fún un káàkiri, àwọn ọ̀tá á sì máa sáré yí àwọn ibùdó ká dé ilé láti gba ayò.

Yastrzemski mọ ògiri yẹn bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń ṣe tí àwọn tó rí i kò gbàgbé. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ sókè lórí rẹ̀, á dúró jẹ́ẹ́, á gbé ìbọ̀wọ́ sókè, á wo òkè bí ẹni tó fẹ́ mú un láìlàágùn. Ẹni tó fẹ́ sáré láti ibùdó kan sí òmíràn á rí i bẹ́ẹ̀, á dẹsẹ̀ dúró, nítorí pé bí wọ́n bá mú bọ́ọ̀lù náà tóun ti sáré, ó lè jáde. Kó tó mọ̀, gbàù! Ara ògiri ni bọ́ọ̀lù wà. Yastrzemski ti yí padà ní tirẹ̀, ó ti gbé e nílẹ̀, ó ti jù ú wọlé. Ìgbà méje ló gba ẹ̀bùn Gold Glove tí wọ́n ń fún àwọn olùṣọ́ pápá tó dára jù.

Kódà ṣáájú Williams ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Òkè kékeré kan wà nídìí ògiri nígbà àtijọ́, kí wọ́n tó tún pápá náà ṣe tí wọ́n sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ní 1934. Duffy Lewis, tó ń ṣọ́ ibẹ̀ láti 1912 títí di 1917, mọ òkè náà gùn tòun ti eré débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Duffy's Cliff. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yan ẹni tó lè bá a gbé.

Ní ti Williams, ká sòótọ́, kì í ṣe ìṣọ́ pápá ló sọ ọ́ di Ted Williams. Igi ni. Ní 1941, nínú ìgbà mẹ́wàá tó bá mú igi, ó ju mẹ́rin lọ tó yọrí sí rere; .406 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, láti ọdún yẹn kò sì sí ẹni tó tún dé .400 nínú líìgì American tàbí National, àwọn méjì tó para pọ̀ jẹ́ líìgì ńlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn sáà náà, .39955 ló ní, èyí tí wọ́n á kà sí .400. Joe Cronin tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní bó bá wù ú kó jókòó. Ó kọ̀. Ìdíje méjì ni wọ́n ní lọ́jọ́ náà ní Philadelphia, ó gbá nínú méjèèjì, mẹ́fà sì bọ́ sí i nínú mẹ́jọ. Ogun Àgbáyé Kejì àti ogun Kòríà gba bí ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ home run 521 ló fi sílẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá fò kọjá ògiri. Ọ̀kan nínú wọn ni ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn láyé rẹ̀ ní Fenway, ní Oṣù Kẹsàn-án 1960.

Ẹ wá ro ó wò, kí ọmọ ọdún mọ́kànlélógún dé ní 1961 kí wọ́n ní kó lọ dúró síbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kúrò. Yastrzemski, ọmọ àgbẹ̀ pòtétò láti Long Island, kò rí ọ̀nà lọ ní oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù kò bọ́ sí i. Ó ké sí ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, Tom Yawkey, ó ní òun fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ó sì ní Williams ló lè ran òun lọ́wọ́. Williams ti fẹ̀yìn tì, ó ń pẹja ní New Brunswick ní Kánádà. Wọ́n wá a kàn. Ó fi ẹja sílẹ̀, ó wá sí Boston, ó jókòó ti ọmọ náà ní ọjọ́ díẹ̀, ó ń wò ó, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Yastrzemski lò ní Boston lápapọ̀. Ní 1967 ó ṣáájú gbogbo líìgì rẹ̀ nínú ohun mẹ́ta tó ṣòro jù láti kó pọ̀: .326, home run 44, àti ayò 121 tí gbígbá rẹ̀ mú wọlé fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó wà ní ipò kẹsàn-án lọ́dún tó ṣáájú, ó gbé e dé ìdíje àṣekágbá.

Nígbà tó kan Rice, ẹni tó kọ́ ọ ní ògiri ni Johnny Pesky. Pesky gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Williams, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ sì ni wọ́n títí ikú fi yà wọ́n. Nígbà tí Rice ń dàgbà nínú iṣẹ́, Pesky ti di olùkọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Òun ló ń gbá bọ́ọ̀lù lórí bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri náà fún un kí àwọn èrò tó wọlé, tí Rice á sì máa lé e, á máa kọ́ igun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ta padà. Lójú tèmi, ibí ni ìtumọ̀ ohun tẹ́ ẹ béèrè wà. Kì í ṣe bíi ti ìdílé Àyàn tí ọmọ ń jogún ìlù lára baba: ìyá Williams ní ẹ̀jẹ̀ Mẹ́síkò, àwọn ẹbí Yastrzemski wá láti Pólàńdì, Rice jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Anderson ní South Carolina. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ ju pé ẹni tó mọ̀ kò fi pamọ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Nọ́ńbà 6 tí Pesky wọ̀ wà lórí òrùlé yẹn bákan náà, láti 2008. Ó wù mí kí àwọn tó ń ka 9, 8, 14 máa kà á mọ́ wọn.

Ti Rice tún wúwo lọ́kàn mi ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí ohun tí ẹgbẹ́ yẹn ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní Oṣù Kẹrin 1945, Jackie Robinson àti ọmọ aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn wá dánra wò ní Fenway yìí kan náà. Wọn kò pe ìkankan nínú wọn padà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Robinson wọ líìgì ńlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ Brooklyn, ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀ láyé òde òní, ó sì di ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà ń tọ́ka sí. Red Sox ló kẹ́yìn nínú gbogbo ẹgbẹ́ líìgì ńlá láti gba ọmọ aláwọ̀ dúdú, Pumpsie Green, ní 1959. Rice dé ní Oṣù Kẹjọ 1974. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ dúdú àti funfun lọ sí ilé ìwé ara wọn, òkúta ni wọ́n ń sọ lu bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ dúdú ní ìlú náà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Rice ti lọ dúró síwájú ògiri, níbi tí wọ́n kà sí ti àwọn àgbà wọn. Ní 1978 ó gbá home run 46, ó sì gba ẹ̀bùn ẹni tó wúlò jù lọ nínú líìgì American. Ní Oṣù Kẹjọ 1982, bọ́ọ̀lù tó fò jáde kọlu ọmọ ọdún mẹ́rin kan lórí níbi táwọn òbí rẹ̀ jókòó sí, ẹ̀jẹ̀ bò ó. Rice ló fò jáde látinú ibi ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó sáré gbé e wọlé tọ àwọn dókítà. Ọmọ náà yè. Rice padà wá parí eré ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára jẹ́sì rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, tó jẹ́ ọdún ìkẹyìn tí wọ́n lè dìbò fún un, ni wọ́n tó gbà á sí Cooperstown.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá Boston nìkan ló ní irú àṣà yìí, rárá o. Ní New York, ẹgbẹ́ Yankees ní tiwọn lórí àwọn catcher, ìyẹn ẹni tó ń lóṣòó lẹ́yìn ẹni tó mú igi láti gba bọ́ọ̀lù: Bill Dickey, Yogi Berra, Elston Howard, Thurman Munson, Jorge Posada. Dickey padà wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní 1949, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ Berra ní iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà 8 kan náà ni àwọn méjèèjì wọ̀. Ní 1972, wọ́n gbé e sókè fún àwọn méjèèjì pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ “kì í ṣe ẹnikẹ́ni” tí bàbá yẹn sọ. Ó ṣeé ṣe kó ní Carl Crawford lọ́kàn. Eré sísá ni agbára Crawford. Ní Tampa Bay, níbi tí apá òsì ti gbòòrò, ó gba Gold Glove ní 2010. Boston sáré fún un ní àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù 142 dọ́là. Ṣùgbọ́n níwájú ògiri yẹn, ilẹ̀ kò pọ̀ tó fún ẹni tó mọ eré í sá. Ara rẹ̀ kò tún le, ọwọ́ rẹ̀ kò sì bá igi mu mọ́. Kó tó pé ọdún méjì wọ́n ti gbé e fún ẹgbẹ́ Los Angeles. Manny Ramirez yàtọ̀ sí i ní tirẹ̀: apá òsì yẹn náà ló ṣọ́ nígbà tí Red Sox gba ife ní 2004, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1918, òun sì ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn ẹni tó wúlò jù lọ nínú ìdíje àṣekágbá náà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò níye. Ṣùgbọ́n ó bá ẹgbẹ́ náà jà, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín sáà 2008, oògùn tí òfin eré náà kọ̀ sì ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn náà. Nọ́ńbà 24 tó wọ̀ kò dé orí òrùlé. Wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn wọ̀.